Ọmọ Èkó ní Piccadilly, 8 May, 1945

Òru, kí ilẹ̀ tó mọ́

Àrá sán lórí Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 May, 1945, tó mọ́. Òjò ńlá tú dà, mànàmáná ń kọ yẹ̀rì, àwọn tí ogun Hítílà ti fi ìbẹ̀rù kọ́ láti ọdún 1939 sì ta gìrì lórí ibùsùn, wọ́n rò pé bọ́ǹbù tún dé. Bọ́ǹbù kọ́. Ní Reims, nílẹ̀ Faransé, ní òru 7 May, Ọ̀gágun Alfred Jodl ti fọwọ́ sí ìwé pé Jámánì túúbá. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ náà, BBC kéde pé ọjọ́ kejì yóò jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú Ọba.

Ọmọ Èkó kan wà nínú ìlú tí òjò yẹn ń pa, tí àwọn tó ń kọ ìtàn ogun kì í sábà dárúkọ. Ọládìpúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell ni; Ambrose ni ayé ń pè é. Ọjọ́ 19 oṣù August, 1919, ni wọ́n bí i, nítorí náà ọmọ ọdún 25 ni ní òru àrá yìí. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ìta ni orin tó ń wọ̀ ọ́ lára wà: orin ẹlẹ́mu tí àwọn atukọ̀ àti òṣìṣẹ́ èbúté ń fi gìtá kọ, àti àṣíkò tí àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ Èkó fúnra wọn ń lu, pẹ̀lú ìlù sámbà onígun mẹ́rin àti ayùn káfíńtà tí wọ́n ń fi irin ha. Ní 1936, Túndé King ti gba orin jùjú sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Gbogbo ìgboro ló ń gbóòórùn orin tuntun.

Àwọn òbí onígbàgbọ́ kò fẹ́ òórùn yẹn nínú ilé. Lójú wọn, ohun èlò ọ̀mùtí àti ìpáǹle ni gìtá. Ambrose ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ gbọ́ orin ẹlẹ́mu, wọ́n sì mọ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní kó yan ọ̀kan, ó yan orin. Nígbà tí ogun dé, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Ọba, ó sì dúró síbẹ̀.

Mo ti ronú lórí ìpinnu yẹn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ló ní ìdí tí ẹnu lè ròyìn: wọ́n lọ kọ́ òfin, wọ́n lọ kọ́ ìṣègùn, ìdílé ló dá owó jọ fún wọn, ìdílé náà ló sì ń dúró de ìwé ẹ̀rí. Ambrose kò ní ìwé ẹ̀rí kankan tó ń lé bá. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Àjèjì ni nínú ilé bàbá rẹ̀, ó tún wá lọ di àjèjì nílùú aláwọ̀ funfun, orin jẹ́jẹ́ nìkan ló sì kó dání.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀

Òjò dá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ àárín ìlú, àwọn kan wọ reluwé, àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ fẹsẹ̀ rìn. Ìwọ̀n ni wọ́n ń fún ará ìlú ní bọ́tà, ṣúgà, ẹyin àti aṣọ láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ àsíá aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù rà á láìlo kúpọ́ọ̀nù títí oṣù May yóò fi parí. Ọmọdé fi ríbọ́nì di irun. Ajá pàápàá wọ àsíá lọ́rùn.

Ọjọ́ ayọ̀ ni fún ọmọ Áfíríkà náà, nítorí pé òun náà sá pamọ́ fún bọ́ǹbù, òun náà jẹun oníwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí ó wà. Ní 1943, Learie Constantine, akọni eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, gba yàrá ní Imperial Hotel ní Russell Square fún òun àti ìdílé rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé alẹ́ kan péré ló lè sùn, torí àwọ̀ ara rẹ̀ kò wu àwọn àlejò mìíràn. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jàre ní 1944, gíínì márùn-ún ni ilé ẹjọ́ dá fún un. Ẹni tí gbogbo ìlú Ọba mọ̀ ni Constantine o. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Èkó tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tó ń wá yàrá láti há gìtá rẹ̀ sí? Ilé kan tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti lè sinmi ni ilé WASU ní Camden, ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, agbẹjọ́rò ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925. Níbẹ̀, èèyàn lè jẹ oúnjẹ tó ní ata, kó sì sọ Yorùbá láìwẹ̀yìn.

Ní Ìwòyè-Kétu tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ojú mìíràn ni ogun náà ní. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ti la ilẹ̀ Kétu sí méjì. Nígbà tí Faransé ṣubú ní 1940, tí Dahomey tẹ̀lé ìjọba Vichy títí di òpin 1942, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kétu àti àbúrò tó wà ní Ìwòyè bọ́ sábẹ́ ìjọba méjì tó ń ṣọ̀tá ara wọn, láìjẹ́ pé ìjà kankan wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá dàgbà létí ààlà yóò tètè mọ irú ẹni tí Ambrose jẹ́: ẹni tí wọ́n kà mọ́ ọmọ ìjọba ńlá kan, tí wọn ò sì fẹ́ kó sùn sílé ìjọba náà.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Winston Churchill sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Downing Street. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, ohùn rẹ̀ ń dún ní Trafalgar Square àti ní Parliament Square, èrò dákẹ́ lọ gbári. Ó ní ogun ilẹ̀ Yúróòpù yóò parí pátápátá ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn aago méjìlá òru. Ó rán wọn létí pé Japan ṣì wà lẹ́nu ìjà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ìpín ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, níbi tí wọ́n ti gba inú igbó àti ẹrẹ̀ lépa àwọn ará Japan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún kò lè jó lọ́jọ́ yẹn. Títí di oṣù August ni yóò dúró. Ní Nàìjíríà kan náà, oúnjẹ ti gbówó lórí débi pé ní June 1945, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìṣẹ́gun náà kò tí ì dé orí tábìlì oúnjẹ.

Aago márùn-ún ààbọ̀

Ọba George Kẹfà, ayaba, àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì àti Churchill jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ààfin Buckingham. Èrò hó yèè. Ìgbà mẹ́jọ ni ìdílé ọba jáde síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò, nínú fíìmù, nínú ìwé ilé ìwé.

Piccadilly

Wákàtí tó kàn yìí kò ní nọ́ńbà. Aago tí Churchill yanu wà nínú ìwé, aago tí ọba jókòó nídìí gbohùngbohùn wà nínú ìwé. Aago tí ọmọ Adékọ̀yà fọwọ́ kan okùn gìtá kò sí nínú ìwé kankan. Òun ni wákàtí tó ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi nínú ọjọ́ náà, mo sì fi í sáàárín, níbi tí ọ̀sán ti ń di alẹ́.

Oríta ńlá ni Piccadilly Circus. Kí ogun tó dé, iná oríṣiríṣi àwọ̀ ló máa ń tàn lára àwọn ilé ibẹ̀. Láti 1939 ni wọ́n ti pa á, ọdún 1949 ni yóò tó tàn padà. Ère tí ayé ń pè ní Eros kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé e kúrò kí bọ́ǹbù má baà fọ́ ọ, pákó ni wọ́n sì fi bo ìdí rẹ̀. Sójà ń gun pákó náà. Atukọ̀ ojú omi ń di mọ́ra pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí. Èrò ti kún débi pé ọkọ̀ kò lè kọjá.

Inú èrò yìí ni Ambrose Campbell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti yọ, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbogbo wọn, pẹ̀lú gìtá, ìlù àti ohùn. Wọn kò dúró sójú kan kí wọ́n máa retí kọ́bọ̀. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ya sọ́tùn-ún, wọ́n ń ya sósì, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn, ẹ̀yìn wọn ń gùn sí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Val Wilmer, obìnrin òyìnbó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn àwọn olórin aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó pa ìròyìn ọjọ́ náà mọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọmọ oníwàásù tí wọ́n ní kó má fi gìtá dójú ti ìdílé ló wà láàárín ìlú tó ni ilé ọba, ó ń lu irú orin tí ilé bàbá rẹ̀ kọ̀. Àṣíkò, orin ìrìn ni láti ilẹ̀ Èkó wá. Àwọn ọ̀dọ́ a máa lù ú kiri àdúgbò nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde. Nítorí náà, kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú bí wọ́n ṣe ń rìn, ojú pópó nìkan ló yí padà. Ní Ìwòyè níhìn-ín, bí Ẹ̀fẹ̀ bá ń kọrin lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òun a dá a, ọjà a gbè é. Ẹni tí kò mọ orin náà ní ìbẹ̀rẹ̀ a ti mọ ègbè rẹ̀ kó tó parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ojú ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Olórin Yorùbá kì í kọrin láìní elégbè, elégbè tí Ambrose sì rí lọ́jọ́ yẹn ni àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń sọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni pé orin rẹ̀ kì í fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń fi idẹ àti ẹnu pariwo ìṣẹ́gun, òun fi gìtá jẹ́jẹ́ àti ìlù àfọwọ́lù wọ inú ariwo náà. Nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣe lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì ọ́, àwọn yòókù ń dáhùn, gìtá ń yí ká wọn láìkánjú. Ó ń gbani níyànjú, ó ń ṣàdúrà, ó ń ṣe àárò. Kò sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ìgbéraga Gẹ̀ẹ́sì ti dùn gan-an lè bi í pé èé ṣe tí kò fi bínú. Èmi rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Láti kọrin ìfẹ́ ní èdè rẹ fún àwọn tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lọ́la, ìyẹn gba ìgboyà tí kò kéré sí ti ẹni tó ń pariwo.

Ẹni tó ń ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gidi ni Brewster Hughes. Ọmọ Yorùbá ni. Abíọ́dún Òkè ni orúkọ rẹ̀ nílé. West African Rhythm Brothers ni wọ́n pe ara wọn.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ilẹ̀ kò tí ì ṣú. Ìjọba ti sún aago síwájú ní wákàtí méjì nítorí ogun, oòrùn oṣù May sì ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí Ọba George bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni oòrùn wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan iná ńlá sí ara ààfin, sí ọwọ̀n Nelson àti sí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, iná tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí láti bí ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ-ọba méjèèjì, Elizabeth àti Margaret, yọ́ jáde nínú ààfin, wọ́n dà pọ̀ mọ́ èrò, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọ̀gá sójà ọ̀dọ́ kan, Humphrey Lyttelton, ń fun fèrè níwájú ààfin. Àwọn èèyàn gbé e sórí ọmọlanke, wọ́n ń tì í kiri, ó ń fun ún lọ. BBC ń gba ohùn ayẹyẹ náà sílẹ̀, fèrè Lyttelton sì bọ́ sínú rẹ̀. Títí dòní la ń gbọ́ ọ. Ó di gbajúmọ̀ olórin jáàsì ní ìlú Ọba lẹ́yìn náà, ó sì yẹ ẹ́. Èmi kò bá a du iyì rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn olórin méjì wà lójú pópó lọ́jọ́ kan náà, nínú ìlú kan náà, àwọn méjèèjì ní èrò lẹ́yìn, ti ọ̀kan ni ìran tó ń bọ̀ rí gbọ́. Ẹ̀rọ BBC wà nítòsí ààfin. Ọmọ Èkó wà ní Piccadilly.

Aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú kan

Ìbọn dákẹ́ ní Yúróòpù. Èrò kò tíì fẹ́ lọ sílé. Iná àjọyọ̀ ń jó nínú ọgbà ìlú, ìjókòó onígi wà nínú ohun tí wọ́n ń dá sí i.

Ọjọ́ náà kò yí àwọ̀ Ambrose padà ní ojú àwọn onílé. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé orin rẹ̀ lè kó ìlú lẹ́yìn. Ní April 1946, nígbà tí Berto Pasuka láti Jàmáíkà gbé Les Ballets Nègres, ẹgbẹ́ oníjó aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ìlú Ọba, jáde ní Twentieth Century Theatre, àwọn West African Rhythm Brothers ló ń lùlù fún wọn, wọ́n sì bá wọn rìn káàkiri. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, ilé ijó Abalabi ní Berwick Street, Soho, ni ibùdó wọn. Lẹ́yìn náà ni Club Afrique ní Wardour Street. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin, atukọ̀, aṣẹ́wó, òǹkọ̀wé àti ọmọ ìjòyè ti ń jókòó tira. Colin MacInnes máa ń lọ síbẹ̀, ó sì fi Ambrose ṣe àwòṣe olórin kan nínú ìwé ìtàn rẹ̀, *City of Spades*, ní 1957. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa sọ pé bí ó bá ti gbé gìtá sílẹ̀, àròjinlẹ̀ ló kù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ gba ìmọ̀ràn. Ilé iṣẹ́ Melodisc ti Emil Shalit gba orin rẹ̀ sínú àwo, àwọn àwo náà sì wọkọ̀ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gìtá tí wọ́n lé kúrò nílé fi tún ń dún nínú ilé.

Fẹlá, tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kọ́ orin, pè é ní bàbá orin ìgbàlódé Nàìjíríà. Ìyẹn kò mú kó padà wálé gbé. Ní 1972 ó bá Leon Russell lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, Nashville ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlú orin àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ni Nashville. Ta ni yóò tún lọ gbé irú ibẹ̀ bí kò ṣe òun? Ní 2004 ó padà sí ìlú Ọba, ó jókòó sí Plymouth, ó sì kú ní 22 June, 2006, lẹ́ni ọdún 86. Ọdún yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Honest Jon's kó àwọn orin Melodisc rẹ̀ jọ sínú àwo kan, ẹ̀kẹta nínú ọ̀wọ́ *London Is the Place for Me*.

“Ashiko Rhythm” wà níbẹ̀, “Eroya” wà níbẹ̀, “Yolanda” náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tiwa, láti Abẹ́òkúta títí dé ìpínlẹ̀ Kétu, máa ń ka ìròyìn ayẹyẹ òpin ogun bí 8 May bá ti yí ká. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi orin Ọládìpúpọ̀ Adékọ̀yà tì í lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ ní kíkún.